Àkísà Pupa Ọrùn Kẹ́ẹ̀gì

Kí Ọlọ́run Ọba má jẹ́ kí oore tí a ṣe fún ènìyàn di ohun tí kò ní jẹ́ ká lè wo ojú onítọ̀hún mọ́. Àdúrà tí Bàlíkíìsì ń gbà láàárọ̀ ọjọ́ Alámìsì yẹn nìyẹn, bó ṣe jókòó sórí mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ méjì rẹ̀ tó ń ti Gounghin lọ sí Paspanga nílùú Wágà, tí ọyẹ́ ń da eruku bò ó lójú. Kì í ṣe pé ó jalè. Kò ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́. Ẹja ló gbé fún ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá jẹ ẹja, ó yó, ó sì súre fún un. Ìre yẹn gan-an ló wá di ẹ̀gún sí i lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ náà láti ìdí rẹ̀.

Ilé oúnjẹ kan wà ní Paspanga, kò tóbi, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Odette ló ni ín, ọmọ Kétu láti ilẹ̀ Benin, ọmọ ìjọ Kátólíìkì, obìnrin gíga kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Bàlíkíìsì ló ń dáná fún un. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń wá jẹun níbẹ̀ lọ́sàn-án, pẹ̀lú àwọn òyìnbó díẹ̀, ohun tí gbogbo wọn sì ń wá kò ju ẹja kapitẹ́ẹ̀nì tí wọ́n ń kó wá láti odò Bagré, tí Bàlíkíìsì máa ń fi bọ́tà àti àlùbọ́sà sè títí tí àlùbọ́sà yóò fi yọ́ dànù. Wọ́n á jẹ ẹja náà, wọ́n á sì máa fi wáìnì funfun kan láti ilẹ̀ Faransé sìn ín lọ́nà ọ̀fun. Muscadet lorúkọ wáìnì ọ̀hún.

"Kò dùn rárá," ni Odette wí fún un nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. "Ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní sec. Kò sí ṣúgà kankan nínú ẹ̀. Ó kan díẹ̀ bí ọsàn wẹ́wẹ́, ó sì ní bí iyọ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀, àfi bíi pé atẹ́gùn òkun fẹ́ lù ú. Òun ló fi bá ẹja mu. Ẹja lọ́ràá, bọ́tà lọ́ràá. Tó o bá mu ún lé e, ẹnu ẹ á fọ̀, á tún máa béèrè ẹja."

"Tó bá wá jẹ́ ẹran ńkọ́?"

"Adìyẹ olómi ọsàn, d'accord, mo gbà. Wàrà àwọn Fúlàní tí a bá yan lórí èédú, ìyẹn tún dáa jù. Àmọ́ tó o bá gbé ata yín ti Nàìjíríà yẹn lé e lórí, ó parí! Ata á tẹ ọtí náà pa, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé òun mu nǹkan kan."

"Tàńtí, ata ò mà ṣẹ ẹnikẹ́ni."

"Ó ṣẹ Muscadet, ma sœur. Ó ṣẹ̀ ẹ́ gan-an."

Bàlíkíìsì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ti sọ tirẹ̀ fún Odette láti ọjọ́ tó ti dé, pé Mùsùlùmí lòun, òun kò ní í tọ́ ọtí wò, òun kò sì ní í fọwọ́ kàn án. Odette gbà. Àdéhùn tí wọ́n ṣe nìyí: ìyókù wáìnì tí àwọn oníbàárà bá fi sílẹ̀ nínú ìgò, Odette kò ní í dà á nù, inú kẹ́ẹ̀gì kékeré kan nínú fíríjì ni yóò máa dà á sí, kí wọ́n lè máa fi se ẹja. Ó so àkísà pupa kan mọ́ kẹ́ẹ̀gì náà lọ́rùn, kí ọwọ́ Bàlíkíìsì má baà ṣì í mú bó bá ń wá omi tàbí òróró. Bí àlùbọ́sà bá ti yọ́, tí wọ́n ti tẹ́ ẹja sínú páànù, Bàlíkíìsì á pariwo pé, "Tàńtí, ó ti yá o!" Á wá yíjú sí ògiri, níbi tí wọ́n so àpò àlùbọ́sà kọ́. Á gbọ́ tí nǹkan náà dún ṣàá lórí iná. Òórùn rẹ̀ á gbòde, tútù, mímú, bí ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sórí òkúta. Á tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run lábẹ́ ahọ́n. Bí Odette bá ti ní, "C'est bon," pé ó ti tán, á yíjú padà, á máa bá iṣẹ́ lọ. Ìkòkò kékeré kan wà lọ́tọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́, ọsàn wẹ́wẹ́ nìkan ló ń wọ ìyẹn.

Àwọn mìíràn á ní eré ọmọdé ni. Òun kò kà á sí eré. Kódà ó ti lọ sọ ọ́ fún Àlùfáà Nuru, tó ń kọ́ àwọn obìnrin ní kéwú ní Gounghin, pé báyìí báyìí ni ibi iṣẹ́ òun ṣe rí. Àlùfáà ronú títí, ó ní, "Ilẹ̀ àjèjì le, mo mọ̀. Kí Ọlọ́run ṣí ọ̀nà mìíràn fún ọ. Àmọ́ ohun tí o bá ń sè níbẹ̀ yẹn, má jẹ́ kó wọ ilé ọkọ rẹ." Bàlíkíìsì dìde níwájú àlùfáà pẹ̀lú ọkàn tó fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn létí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ta ló fẹ́ gbé e wọlé?

Lẹ́yìn náà ni Màámi dé.

Màámi ni ìyá Súbérù, ọkọ rẹ̀, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò lójú ọ̀nà Bobo. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá ń gbé. Ó wá wo ọmọ àti àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, ó ní òun ò ní pẹ́ padà, ni ibà bá dá a dùbúlẹ̀. Ibà lọ tán, ó kó ìfẹ́ oúnjẹ Màámi lọ. Wọ́n ro ẹ̀kọ, ó kọ̀ ọ́. Wọ́n se ìrẹsì, ó ní ó ń rùn. Bàlíkíìsì gún iyán kékeré bí ìwọ̀n ọwọ́ ọmọdé, ìyá gbé e wò, ó dá a padà sínú abọ́, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́ mi, má bínú. Ọ̀nà ọ̀fun ló tì." Láti ìgbà tí Bàlíkíìsì ti wọlé ọkọ ni ìyá kò ti pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ rí. Àbẹ̀kẹ́ ló ń pè é, nínú inú dídùn àti nínú ìbínú. Ìyá wá gbẹ. Òrùka ọwọ́ rẹ̀ ń yọ bọ́. Súbérù, tó jẹ́ pé ohùn rẹ̀ la fi ń mọ̀ pé ó ti wọ àdúgbò, wá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú ilé ara rẹ̀. Ó bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìyá Hafeezah, ṣé kì í ṣe pé Màámi fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ nílẹ̀ àjèjì yìí?" Omi bọ́ lójú rẹ̀. Bàlíkíìsì kò rí ẹkún ọkọ rẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kejì ìyẹn ni àwọn oníbàárà kan ní kí Odette se oúnjẹ de àwọn, tí wọn kò wá. Ẹja odidi kan kù nínú páànù. Ìkòkò àwọn òṣìṣẹ́ ti gbẹ ní tirẹ̀.

"Gbé e lọ ilé," ni Odette wí.

"Èyí tẹ́ ẹ ti fi nǹkan yín sí?"

"Iná ti mu ún tán, Bàlí. Ọtí kì í dúró de iná. Ọ̀nà ọ̀run ló gbà lọ, àwọn áńgẹ́lì ló mu tiwọn."

"Màá gbé e fún Boris," ni Bàlíkíìsì wí. Boris ni aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, ọmọ Kútọnu, Kìrìsìtẹ́nì. Bó ṣe di ẹja náà nìyẹn, tó gbé e sẹ́yìn mọ́tò. Ọlọ́run gbọ́ pé Boris ló wà lọ́kàn rẹ̀ títí tó fi dé ẹnu ọ̀nà.

Màámi ló wà níbẹ̀, lórí ẹní, nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́. Imú rẹ̀ ṣí.

"Kí ló ń ta sánsán bẹ́ẹ̀, Àbẹ̀kẹ́?"

"Ẹja ni, Màámi."

"Gbé e wá kí n wò ó."

Ó gbé e wá. Ìyá ṣí ìdérí. Ojú rẹ̀, tó ti wọnú láti ọjọ́ yìí, tàn. Ó ní kí wọ́n bu omi fún òun, ó ṣan ọwọ́. Ó ní, "Bìsìmílà." Àyè wà láàárín bìsìmílà yẹn àti òkèlè àkọ́kọ́. Ohun tí Bàlíkíìsì kò lè gbàgbé nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kò sí àyè, irọ́ ló pa. Ìyá ń fi ọwọ́ yọ egungun ẹja díẹ̀díẹ̀, àyè wà láti ní, "Ẹ dúró ná, Màámi." Ẹnu rẹ̀ ṣí. Ó rántí òrùka tó ń yọ bọ́, ó rántí omi ojú Súbérù, ó rántí pé Odette ní iná ti mu ún tán. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ìyá jẹ ẹja náà títí tó fi kan eegun ẹ̀yìn. Ó lá ìka. Nígbà tó ṣe tán, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìyàwó ọmọ rẹ̀ ní ohùn tí ó ti dákẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́:

"Àbẹ̀kẹ́ ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ̀,
A-fòórùn-ọbẹ̀-jí-arúgbó-lórí-ẹní,
Ọmọ a-sè-má-jòó, ọmọ a-bù-má-dà,
Ọwọ́ tó bọ́ mi lónìí kò ní í di ọwọ́ ìtọrọ,
Ẹnu tí mo fi jẹun yìí ni mo fi súre fún ọ, Ọlọ́run á gbà á."

"Àmín, Màámi," ni Bàlíkíìsì wí lórí ìkúnlẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá láàánú lè dárí ọjọ́ àkọ́kọ́ ji ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìyá tún béèrè. Bàlíkíìsì fi ọgbọ́n ṣe é, ó se ẹja kan náà nílé, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ dípò ọtí. Ìyá tọ́ ọ wò, ó rọra gbé abọ́ sílẹ̀ kó má baà dun ẹni tó sè é. Ó ní, "Ẹja nìyí o, kò burú. Àmọ́ kì í ṣe òun." Kò tún fọwọ́ kàn án mọ́, títí kan ohun tí wọ́n gbé wá lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tí kapitẹ́ẹ̀nì tún dé láti Bagré, Bàlíkíìsì dúró níwájú ògiri bó ṣe máa ń ṣe, ó gbọ́ ṣàá, ó tọrọ àforíjì, Odette ní c'est bon. Ó yíjú padà, ó bu tirẹ̀ nínú páànù náà, ó dì í. Kò sí Boris kankan lọ́kàn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà. Ìyá sanra. Òrùka padà sí ọwọ́. Ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ní gbogbo ìgbà tó bá sì ti jẹun tán, á kì í, á súre fún un, àwọn aládùúgbò á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ìyàwó nìyẹn!" Bàlíkíìsì á kúnlẹ̀, á ní àmín. Àmín náà wá ń wúwo lẹ́nu rẹ̀.

Wàyí o, Màámi fẹ́ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní òun kò ní í lọ bẹ́ẹ̀ láìdúpẹ́. Ó fẹ́ ṣe sàráà lọ́jọ́ Jímọ̀, kó pe Àlùfáà Nuru àti àwọn ìyá àsàlátù, kí wọ́n wá bá òun yin Ọlọ́run tó gbé òun dìde.

"Kí la máa sè, Màámi?" Súbérù béèrè, inú rẹ̀ ń dùn. "Ṣé ká pa àgbò?"

"Àgbò kọ́ ló gbé mi dìde," ni ìyá dáhùn. "Ẹja Àbẹ̀kẹ́ ni. Òun ni wọ́n máa jẹ."

Ẹrù tí Bàlíkíìsì gbé dé Paspanga láàárọ̀ Alámìsì nìyẹn. Odette ń nu tábìlì nígbà tó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Odette bú sẹ́rìn-ín.

"Àlùfáà! Àlùfáà fúnra ẹ̀ ló fẹ́ wá jẹ ẹja mi! Jésù Olúwa mi, ẹ wá wo..." Ó rí ojú Bàlíkíìsì. Ẹ̀rín náà gé. "Bàlí. Má sunkún. Jókòó. Mo ti sọ fún ẹ pé iná ń mu ún tán."

"Tàńtí, tí iná bá ń mu ún tán, báwo ni Màámi ṣe ń mọ̀ bí kò bá sí níbẹ̀?"

Odette fi tábìlì tó ń nù sílẹ̀. Ó jókòó pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́.

"Ìwọ ti mọ ìyẹn láti ọjọ́ yìí?"

"Láti ọjọ́ tó kọ olómi ọsàn."

"O sì tún gbé e lọ."

"Mo tún gbé e lọ."

Odette dìde. Ó ní, ó dáa, àwọn á wá nǹkan kan tó jọ ọ́. Wọ́n rẹ àjàgbọn sínú omi, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i àti iyọ̀ bíńtín, wọ́n fi se ẹyọ ẹja kan. Odette tọ́ ọ wò, ó di ojú kan. "Ó fẹ́ jọ ọ́. Ó kan, ó mú ọ̀rá kúrò lẹ́nu. Àmọ́ tí wáìnì bá ti kan tán, nǹkan kan ṣì máa ń kù nílẹ̀ ẹnu, bí ìgbà tí ẹni tó kí ọ bá ti kọjá, tí o ṣì ń gbọ́ lọ́fínńdà rẹ̀. Ìyẹn ni kò sí ńbí. Ta ló sì máa mọ̀?"

"Màámi á mọ̀."

"Kí lo wá fẹ́ ṣe? Tó o bá gbé àjàgbọn lọ, wọ́n á jẹ ẹ́, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ìyá á kàn ní kò dùn tó tàtẹ̀yìnwá."

"Á ní kì í ṣe òun. Níwájú gbogbo wọn. Á ní kí ló dé. Kí ni màá sọ?"

"Sọ pé o gbàgbé nǹkan kan."

"Tàńtí, mo ti parọ́ tó."

Ó wá rìn lọ sídìí fíríjì. Ó ṣí i. Ó na ọwọ́, ó di kẹ́ẹ̀gì náà mú lọ́rùn, níbi àkísà pupa. Odette wò ó bí ẹni ń wo ẹni tó fẹ́ fo kànga. Ọwọ́ yẹn kò kan kẹ́ẹ̀gì náà rí, láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́. Ó tutù. Ó fúyẹ́ ju bí Bàlíkíìsì ti rò lọ. Ó kó o sínú àpò, ó kó ìgò omi àjàgbọn tì í, ó fi gèlè bo méjèèjì lórí. Kò mọ èyí tí òun yóò lò. Bí mọ́tò ṣe ń gbé e kọjá níwájú mọ́ṣáláṣí Gounghin, ó ń gbọ́ tí nǹkan náà ń mì gbọ̀ngbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá kẹ́ẹ̀gì ni tàbí ìgò.

Láàárọ̀ Jímọ̀, ilé ti kún fún ariwo ìgbálẹ̀ àti ti àwọn tó ń tẹ́ ẹní síta. Súbérù ti ra ẹja wá láti Patte d'Oie, níbi tí ọkọ̀ ti ń já a, ẹja tútù, ojú rẹ̀ ń dán. Bàlíkíìsì dá iná èédú sẹ́yìn ilé. Ó gé àlùbọ́sà, ó yọ́ bọ́tà, ó sì to ohun méjèèjì sí abẹ́ tábìlì, kẹ́ẹ̀gì lọ́tùn-ún, ìgò lósì, ó fi aṣọ bò wọ́n. Ó ṣì ń bẹ Ọlọ́run pé kó bá òun yan ọ̀kan.

Màámi gbé àpótí rẹ̀ dé, ó fi jókòó ti iná.

"Ẹ̀yin náà kẹ̀, Màámi? Èéfín á ta yín lójú. Ẹ lọ sinmi, àwọn àlejò ń bọ̀."

"Sinmi ṣe kí ni? Mo ti sinmi títí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sinmi kọjá ààlà." Ìyá rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. "Mo wá kọ́ ọ ni. Tí mo bá dé Ògbómọ̀ṣọ́, ta ni yóò máa sè é fún mi? Àwọn ìyàwó ibẹ̀ yẹn, ata ni wọ́n mọ̀. Máa ṣe é lọ, mò ń wò ọ́."

Bàlíkíìsì ń ro àlùbọ́sà. Ìyá ń ka ohun tó ń rí bí ọmọ kéwú. "Bọ́tà nìyẹn. Àlùbọ́sà rèé. Iyọ̀. Ó dáa. O tẹ́ ẹja lé e. Ó dáa, Àbẹ̀kẹ́ mi, ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ̀, ọmọ a-sè-má-jòó. Kí ló wá kù? Torí òórùn yẹn kò tíì jáde."

Ẹsẹ̀ Bàlíkíìsì ló kọ́kọ́ gbọ́ ìbéèrè náà. Kò mọ ìgbà tó yíjú sí ògiri. Ògiri ilé ara rẹ̀, tí kò sí àpò àlùbọ́sà kankan níbẹ̀, ó dúró síwájú rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí iná, ó kẹ̀yìn sí ìyá, ó ń retí ṣàá tí Odette kò sí níbẹ̀ láti dà.

"Kí lò ń wò lára ògiri?" Màámi bi í.

Ó yíjú padà. Ó ṣì lè mú ìgò. Ìgò náà sún mọ́ ọn. Bó bá mú un, ìyá á ní kì í ṣe òun, á fi ẹ̀rín gbé e, sàráà á lọ, ìyá á padà sílé, á máa fi ọ̀rọ̀ ẹja Wágà yìí ṣe ìtàn fún gbogbo ará Ògbómọ̀ṣọ́ títí ọjọ́ tí Ọlọ́run yóò pè é, á sì máa súre fún un lókèèrè. Ìre yẹn ni kò lè gbà mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣí aṣọ, ó gbé kẹ́ẹ̀gì jáde, ó gbé e ka ilẹ̀ níwájú ìyá. Àkísà pupa dùbúlẹ̀ lórí yanrìn. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Èyí ló kù, Màámi. Ọtí ni."

Ìyá wo kẹ́ẹ̀gì. Ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Ọtí báwo?"

"Ọtí tí àwọn òyìnbó ń mu sí ẹja. Òun ni Tàńtí Odette ń fi sè é. Òun ló ń ta sánsán. Ẹja tí mò ń gbé wá fún yín, inú gbogbo rẹ̀ ló wà, àfi èyí tẹ́ ẹ kọ̀ yẹn. Ẹ dárí jì mí, Màámi. Mi ò lè fi bọ́ àlùfáà. Mi ò tiẹ̀ yẹ kí n fi bọ́ yín."

Ẹja ń dún lórí iná. Ẹnikẹ́ni kò yí i. Láti iwájú ilé, Súbérù ń pariwo pé kí wọ́n fi ẹní Àlùfáà sí ibi tí òjìji máa wà, inú rẹ̀ ń dùn.

Màámi mú tẹ̀súbáà rẹ̀ láti orí itan, ó ká a sọ́wọ́, ó tún tú u. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò gbé ohùn sókè rárá.

"Èmi kò mọ̀. Ọlọ́run mọ̀ pé èmi kò mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Kò sí tiyín níbẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́? Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ gbé e wá, tí mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Bóyá wọ́n ti bù ú sí i kí o tó mọ̀? Bóyá ẹ̀yìn ìgbà tí mo jẹ ẹ́ tán lo tó gbọ́?"

Ìyá ṣí ilẹ̀kùn àwáwí sílẹ̀ fún un, ó dì í mú kó má padé. Bàlíkíìsì rí i. Bó bá sọ "bẹ́ẹ̀ ni" kékeré kan, á wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ á tán. Ó rí ọwọ́ arúgbó yẹn tó ń yọ egungun. Ó rí àyè tó wà láàárín bìsìmílà àti òkèlè.

"Mo mọ̀, Màámi," ló wí. "Kẹ́ ẹ tó ṣan ọwọ́ ni mo ti mọ̀."

Òórùn ẹja tó ń jóná bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Màámi kò wo iná. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ibi tí òrùka ti padà wọ̀ ọ́ dáadáa. Ètè rẹ̀ ń mì, bóyá àdúrà ni, bóyá kì í ṣe àdúrà.

"Ẹnu yìí ni mo fi ń súre fún ọ," ló wí nígbẹ̀yìn. "Mo máa ń jẹ ẹ́ tán, mo máa ń súre."

Bàlíkíìsì fi iwájú orí kan ilẹ̀. Kò gbé e sókè. Ó ń dúró de ariwo, ó ń dúró de orúkọ Súbérù tí ìyá yóò pè, ó ń dúró de ohunkóhun tó bá fẹ́ já lé òun lórí. Ohun tó gbọ́ ni ìró àpótí tó sún díẹ̀ lórí yanrìn.

"Bàlíkíìsì," ni ìyá wí. "Bu omi wá fún mi, kí n fi yọ ẹnu."